Wọ́n ní ìwé mi ò mọ̀ pé Máàsì jìnnà. Ṣé kí n fèsì ni àbí kí n panu mọ́?

Akọ̀wé_Kúbwà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí láti ọjọ́ Àìkú ni kò ti jẹ́ kí n sùn. Àwọn tó mọ̀ mí níbí mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé kan, ìtàn ayé ọjọ́ iwájú, Yorùbá pọ́ńbélé látòkè délẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Nyanya ni mo kọ nípa ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ń gbẹ́ bòhóòlù kó tó kú, òun náà kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún, ó wá di ẹni tí wọ́n gbé lọ sí Máàsì, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì Mars, lọ́dún 2071 pé kó lọ bá wọn wá omi, torí omi dídì wà lábẹ́ ilẹ̀ Máàsì lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe àlọ́. Ìyá ẹ̀ wà nílé, ó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sí Mararaba. Gbogbo ìtàn náà ò ju àárín ọmọ yìí àti ìyá ẹ̀ lọ, àti róbọ́ọ̀tì kan tó ń sun ìjálá.

Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀dà 300, owó àjọ ni mo fi san án. Rìfíù mẹ́rin ló ti jáde. Àkọ́kọ́ fún mi ní ìràwọ̀ márùn-ún, ó ní "ìtàn ìfẹ́ tó dùn gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín sí i". Ìtàn ìfẹ́ wo? Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yẹn! Ẹni yìí ò ṣí ìwé rárá, ẹ̀yìn ìwé ló wò. Ìkejì ní Fágúnwà ni mo lọ yá lò, pé mo kàn dé iwin ní àṣíborí. Ìkẹta ní Yorùbá mi le jù, pé kí ni "ẹ̀rọ ayárabíàṣá", ṣé n kò lè kọ kọ̀ǹpútà bí ọmọ èèyàn ni. Gbogbo ìyẹn ò dùn mí. Ìkẹrin ló pa mí. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ kà á:

"Ní Orí Keje, ọmọ wà ní Máàsì, ó pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ń takurọ̀sọ bí ẹni pé ọ̀kan wà ní Nyanya, èkejì wà ní Karu. Ìyá sọ̀rọ̀, ọmọ dáhùn. Ìyá rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ pé Máàsì jìnnà."

Ò mọ̀ pé Máàsì jìnnà! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin gbé níbẹ̀! Mo ti kọ èsì, ó kún ojú ìwé mẹ́rin lórí fóònù mi, ìka mi wà lórí bọ́tìnnì. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

ÌyáAláṣọ_Wúsè:
Má tẹ̀ ẹ́ o. Tí oníbàárà bá dé tó ní aṣọ tí mo tà fún òun ti ṣá, tí mo bá bá a jà lójú ọjà, àwọn mẹ́wàá tó fẹ́ yà sọ́dọ̀ mi ló máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. N ó fún un ní pyọ́ wọ́tà, n ó ní kó jókòó. Ìwé ti kúrò lọ́wọ́ ẹ, ó ti di ti ọjà.

Òǹkàwé_Òru:
Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, a ti jókòó, a fẹ́ wòran 😂

Tíṣà_Físíìsì:
Ẹ jẹ́ ká fi ìbínú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká ṣírò. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn fóònù tó ń gba ojú òfuurufú kọjá ò lè yára jù ú lọ. Ayé ń yípo oòrùn, Máàsì náà ń yípo ẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìrìn tiẹ̀, torí náà nígbà mìíràn wọ́n á súnmọ́ra, nígbà mìíràn oòrùn á wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá súnmọ́ra gan-an, bí ìṣẹ́jú 3 ni ọ̀rọ̀ máa lò lọ́nà. Tí wọ́n bá jìnnà síra jù, ìṣẹ́jú 22. Ẹ wá mú àárín gbùngbùn, 225,000,000 kìlómítà, ẹ pín in sí 300,000, ẹ máa rí 750 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú méjìlá àbọ̀. Àlọ nìkan nìyẹn o. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 25. Tí ìyá yẹn bá sọ pé "hẹ́lò" nígbà tó ń da àkàrà sínú epo, àkàrà á ti di èédú kí "hẹ́lò" ọmọ ẹ̀ tó dé.

Akọ̀wé_Kúbwà:
Tíṣà, ẹ ṣeun, ilé ìwé ni èmi náà lọ, mo mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ 2071 ni mo sọ. Ta ló mọ nǹkan tí wọ́n máa ti ṣe kó tó dìgbà yẹn? Ní 1991 tí olú ìlú kó kúrò l'Ékòó wá sí Àbújá, tí èèyàn bá ní lọ́jọ́ kan ìyá alákàrà ní Nyanya á máa rí ojú ọmọ ẹ̀ tó wà ní Kánádà nínú fóònù, ṣé wọn ò ní ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wo wèrè?

Tíṣà_Físíìsì:
Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nígbà náà! Ẹ sọ fún wa pé wọ́n ti rí nǹkan kan tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, a ó gbà, ìwé yín ni. Àmọ́ láti ojú ìwé 38 dé 40 lẹ fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbá eruku kúrò lójú sólà, irú búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò, ìgbà mélòó lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣàlàyé eruku tó bẹ́ẹ̀ ò lè wá dé ìdí ohùn kó ní "ẹ fi sílẹ̀, 2071 ni". Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bí a ó ṣe máa ka ìwé yín, tí a bá wá kà á bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè bínú.

Òǹkàwé_Òru:
Tíṣà, ẹ mọ ojú ìwé gan-an o. Ojú ìwé 38 dé 40. Hmmm.

Aláwo_Lúgbè:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí iṣẹ́ mi ni. Àwo sátẹ́láìtì ni mo ń so, Lúgbè ni mo wà, kò jìnnà sí ọ́fíìsì NASRDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì àti òfuurufú, lójú ọ̀nà ẹ́rípọ́ọ̀tù. Sátẹ́láìtì tí a ń kọjú àwo sí, bíi 36,000 kìlómítà ló fi jìnnà sókè, ó ń bá ayé yí papọ̀ ni wọ́n ṣe rò pé ó dúró sójú kan. NigComSat-1R tiwa wà ní dígírì 42.5 níhà ìlà oòrùn, tí mo bá fẹ́ wá a láti Àbújá, ìlà oòrùn ni mo máa dorí àwo kọ. (Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ ní 2007, kò pé ọdún méjì tó kú, 2008, apá tó fi ń gba iná oòrùn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ti 2011 ló rọ́pò ẹ̀. Kí n tó gbàgbé.)

Kí ohùn gòkè lọ síbẹ̀ kó tún sọ̀ kalẹ̀ sétí ẹni kejì, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ẹ ó ní kékeré ni. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń pe ẹ̀ka wọn tó wà lókè ọ̀hún. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ibẹ̀ àti ẹnì kejì ẹ̀ ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. "Ẹ máa sọ." "Rárá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ." "Mo ní ẹ máa sọ o!" Kálukú rò pé ẹnì kejì ti dákẹ́ ni. Ìjà ló máa ń dà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló fa gbogbo ìyẹn, ẹ wá ro ti ìṣẹ́jú méjìlá.

Àmọ́ ọ̀gá Akọ̀wé, mo ti ka ìwé yín, ibi tí ìyá yẹn ti gbé àwo sátẹ́láìtì ògbólógbòó kalẹ̀ tó fi ń sá ata, ẹ̀rín pa mí. Mo mọ ilé mẹ́ta ní Lúgbè tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ìyẹn mọ Àbújá.

ỌmọÀfọ̀njá:
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí yín lórí. Ẹ rántí Tutùọlá. 1952 ni ìwé ọ̀mu-ẹmu ẹ̀ jáde ní London, Dylan Thomas tó jẹ́ akéwì ńlá yìn ín nínú ìwé ìròyìn wọn níbẹ̀, àwọn ọmọ tiwa tó kàwé ló bú u, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń dójú ti Nàìjíríà. Mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì ìjọba ni l'Ékòó lásìkò yẹn o. Ta ló rántí orúkọ àwọn tó bú u lónìí?

Alámì_Ohùn:
Ọ̀rọ̀ Tutùọlá ò bá èyí mu. Wọn ò bú Tutùọlá torí ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ni wọ́n bú, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún gan-an ló sì jẹ́ ẹwà ìwé náà. Ká ní ó kọ ọ́ pé ẹlẹ́mu gun ọ̀pẹ ní Mọ́ńdè, ó wá já bọ́ ní Sátidé tó ṣáájú, ìyẹn ni ì bá jẹ́ ẹjọ́.

Èmi tiẹ̀ ní ẹjọ́ tèmi. Ọ̀gá Akọ̀wé, ta ló tẹ ìwé yín? Láti ojú ìwé 55 títí dé 80, gbogbo àmì ohùn ìsàlẹ̀ ti fò lọ. Ọkọ̀ tó gbé wọn láti Ayé lọ sí Máàsì wá di "ọkọ" jálẹ̀jálẹ̀. Ẹ gbọ́ ojú ìwé 61: "Ó fọwọ́ pa ọkọ rẹ lára, ó ní: gbé mi délé láyọ." Ojú ìwé 66: "Ọjọ́ mẹ́san-án ló ku, ọkọ rẹ nikan ló mọ bí ẹru ṣe ń ba á." Ojú ìwé 72: "Ọkọ náa dákẹ́ lójiji. Omi bọ́ lójú rẹ."

Òǹkàwé_Òru:
AYÉÉÉÉ 😂😂😂😂 ìtàn ìfẹ́!!!

ÌyáAláṣọ_Wúsè:
Ó ka ìwé yẹn! Ẹni tó ní ìtàn ìfẹ́ ni, ó kà á tinútinú! Ó ti sunkún nítorí ọkọ tó dákẹ́ lójijì. Akọ̀wé, o gbọ́dọ̀ bẹ ẹni yẹn o.

Akọ̀wé_Kúbwà:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣí ìwé náà ni. Olúwa gbà mí. Kọ̀ǹpútà ìtẹ̀wé yẹn ni, fọ́ńtì tí wọ́n lò níbẹ̀ ò gba àmì ohùn ìsàlẹ̀, mo wo ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo rí i pé ó dáa, mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀dà 300. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

jeje_laiye:
e ma binu keyboard temi o ni ami kankan o. sugbon emi o ri wahala nibe, eni to ba gbo yoruba a mo eyi to n je oko ninu oko ati oko. awon baba wa ti n ka iwe iroyin ti o ni ami lati ojo pipe won o ku

Alámì_Ohùn:
"oko ninu oko ati oko". Ẹ wo nǹkan tí ẹ kọ. Ṣé oko tí wọ́n ń ro ni, ṣé ọkọ ìyàwó, ṣé ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, ṣé ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun? Mi ò ní bá yín jà, ẹ̀yin fúnra yín ti pa ẹjọ́ yín.

Ọmọ_Sábó_Kánò:
Sábóńgàrì ni wọ́n bí mi sí, àlùfáà lọ́tùn-ún, mọ́lẹ̀bí oníṣọ́ọ̀ṣì lósì, Hausa lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n, níbi tí ẹ ti kọ ìjì eruku ní Máàsì, ọyẹ́ Kánò gan-an ni mo rí, eruku tó ń wọlé láti ojú kọ́kọ́rọ́, tó ń bà lé omi inú kọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Larry Niven, ó kọ ìwé kan lọ́dún 1970 lórí òrùka ràgàjì kan tó yí ìràwọ̀ po, inú òrùka yẹn làwọn èèyàn ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé níbẹ̀, ó jẹ́ kí Ayé máa yí gba òdì, wọ́n ní láti tún un ṣe nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tó wá di 1971, níbi ìpàdé àwọn tó fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ń lọ káàkiri òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń pariwo pé òrùka yẹn ò lè dúró! Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ bá kàn tì í díẹ̀, á máa sún lọ títí á fi kọ lu ìràwọ̀ ẹ̀. Kò bá wọn jà o. Ó kọ ìwé mìíràn, ó fi ẹ́ńjìnnì sí etí òrùka náà kó máa fi dá ara ẹ̀ padà, ìwé yẹn náà sì tà.

Tíṣà_Físíìsì:
Ìjì eruku tí ẹ dárúkọ yẹn náà ní ẹjọ́ o. Afẹ́fẹ́ Máàsì fúyẹ́ púpọ̀, ìwúwo ẹ̀ ò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tiwa níbí. Eruku á bo ojú, ìyẹn dájú, nígbà mìíràn ó máa ń bo gbogbo Máàsì pátá. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò lè gbé èèyàn ṣubú bó ṣe gbé ọmọ yẹn ṣubú ní ojú ìwé 118. Á kàn dà bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Òǹkàwé_Òru:
Ojú ìwé 118. Tíṣà. Ẹni tó kọ rìfíù ní òun pa ìwé dé ní Orí Keje, Orí Keje parí ní ojú ìwé 97. Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń ka nọ́ńbà.

Aláwo_Lúgbè:
Ha! Ọmọ yìí máa ṣe ọlọ́pàá.

Tíṣà_Físíìsì:
Ó dáa. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo purọ́ ní ibì kan, mi ò pa ìwé dé ní Orí Keje, mo kà á tán, aago méjì òru, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi kà á torí iná ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú. Kíláàsì SS2 ni mo ń kọ́. Àwọn ọmọ yìí gbà pé físíìsì jẹ́ nǹkan òyìnbó, Yorùbá jẹ́ nǹkan ìyá àgbà. Nígbà tí ìwé yín dé ọwọ́ mi, mo gbé e lọ sí kíláàsì, mo pariwo ẹ̀ fún wọn, mo ní ẹ wò ó, ẹ wo ọmọ Nyanya ní Máàsì, ẹ wo bó ṣe ń fi Yorùbá ṣírò bí omi ṣe jìn tó. Ọjọ́ Ẹtì-Ẹtì ni mo ń kà á fún wọn. Àwọn ọmọ Hausa àti Gbagyi tó wà níbẹ̀ pàápàá, ẹnì kan á máa túmọ̀ fún wọn. A dé Orí Keje, mo ń kà á lọ, mo ń ṣe ohùn ìyá, mo ń ṣe ohùn ọmọ, ọmọdébìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn nawọ́. Ó ní "Tíṣà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ fún wa ní táàmù tó kọjá pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Báwo ni Máàsì ṣe wá yá tó yìí?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo pa ìwé dé, lójú wọn ni mo ti pa á dé, ilé ni mo ti lọ kà á parí.

Ká ní ìwé lásán ni, ǹ bá ti fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta kí n gbàgbé ẹ̀.

Akọ̀wé_Kúbwà:
Tíṣà, mi ò mọ nǹkan tí mo máa sọ. Ẹ ní wọ́n ń ka ìwé mi ní kíláàsì?

Tíṣà_Físíìsì:
A ti wà ní Orí Kọkànlá báyìí. Wọn ò jẹ́ kí n dá a dúró. Róbọ́ọ̀tì onijàlá yẹn ti fi orin sí wọn lẹ́nu.

Alámì_Ohùn:
Oníjàálá.

MàmáKàdúná:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ń sọ ọ́, òun ń tẹ̀ ẹ́, tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ tiẹ̀ ni. Mi ò ka ìwé ọ̀hún. Àmọ́ èyí tí ẹ ń sọ pé èèyàn á sọ̀rọ̀ kí èsì ẹ̀ máa pẹ́ lọ́nà, ṣé ọ̀rọ̀ Máàsì nìyẹn? Ọ̀rọ̀ Kàdúná sí Máídúgùrì ni.

1983, iṣẹ́ gbé bàbá àwọn ọmọ lọ sí Máídúgùrì, èmi àti ọmọ mẹ́ta wà ní Kàdúná. Fóònù wo? Ti lẹ́tà, mi ò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa nígbà yẹn, mi ò sì ní kí ọmọ aládùúgbò wá máa bá mi kọ ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ọkọ mi. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Wàá ki í bọ inú rédíò, wàá tẹ bọ́tìnnì pupa pọ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wàá máa sọ̀rọ̀. Tó bá tán, ó di gáréèjì, wàá fún dẹ́rẹ́bà ní nǹkan díẹ̀, wàá bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé e síwájú mọ́tò níbi tí oòrùn á ti pa á, torí á ká kò. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìkíni tiwa yìí, ẹnì kan kì í dá a ṣe, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. N ó kúnlẹ̀ níwájú rédíò, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, n ó ní "ẹ káàárọ̀ o", n ó dákẹ́ kó lè ráyè dáhùn níbi tó bá wà. N ó ní "ṣé dáadáa lẹ jí?", n ó tún dákẹ́. Ara ńkọ́, n ó dákẹ́. Iṣẹ́ ńkọ́, n ó dákẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé tóun bá ń gbọ́ ọ, òun á máa dáhùn sókè sínú àyè tí mo fi sílẹ̀, "a dúpẹ́", "ara le", títí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fi ń fura sí i. Nígbà tó yá, mo ti mọ bí àyè kọ̀ọ̀kan ṣe máa gùn tó. Ti "ẹ káàárọ̀", kékeré. Ti "ṣé wọ́n ti san owó oṣù?", mo máa ń fi ṣa ìrẹsì ni.

Lọ́jọ́ kan mo bínú. Owó ilé ìwé ò dé, mo jókòó ti rédíò, mo bú u, mo bú u dé orí ìyá ẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí. Kásẹ́ẹ̀tì tèmi ń lọ, owó àti kásẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ń bọ̀, wọ́n kọjá lára wọn lọ́nà, bóyá ní Pọ̀tìskúmù ni o. Mo gba owó lọ́jọ́ kejì. Kí ni n ó ṣe? Mi ò lè sáré lé ọ̀rọ̀ mi bá. Odindi ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi jókòó, tí mo mọ̀ pé èébú ń rìn lọ bá ẹni tí ò ṣẹ̀ mí.

Kásẹ́ẹ̀tì jùjú ògbólógbòó lòun máa ń gba ohùn lé lórí. Tó bá ti ní "ó dìgbà o", gìtá á bú jáde láti àárín orin, àwọn ọmọ á fò dìde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èyí tó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń jó jù.

Torí náà ìyá alákàrà yẹn ò ní sọ pé hẹ́lò kó wá lanu sílẹ̀ máa wò. Á kí ọmọ ẹ̀, á dá ara ẹ̀ lóhùn, á máa dín àkàrà ẹ̀ lọ.

Aláwo_Lúgbè:
Màmá, ẹ pẹ́ fún wa. Èébú tó ń rìn lọ. Mo ti gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

ỌmọÀfọ̀njá:
Mo gba ọ̀rọ̀ Tutùọlá mi padà.

Akọ̀wé_Kúbwà:
Mi ò sùn lálẹ́ àná o, àmọ́ kì í ṣe ti ìbínú. Mo ti fa Orí Keje ya. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, mi ò tíì tún un kà:

*Ohùn ọmọ ti kúrò ní Máàsì láti ìgbà tí ìyá ṣì ń po ẹ̀wà. "Ẹ káàárọ̀, màmá." Ìyá ò dúró dè é. Ó da ṣíbí mẹ́fà sínú epo, ó nu ọwọ́ sára ìró. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o jí ire? O jí ire. Ṣé o ti jẹun?" Ó yí èyí tó ti pọ́n padà. "Irọ́ lo ń pa. O ò tíì jẹun." Ọmọ ò tíì pa irọ́ náà. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá àbọ̀ kó gbọ́ ìbéèrè.*

ÌyáAláṣọ_Wúsè:
"Ọmọ ò tíì pa irọ́ náà." Chai. Wọ́n ní ìyá mi ló kọ ọ́.

Òǹkàwé_Òru:
Ẹ̀gbọ́n, èsì ojú ìwé mẹ́rin ńkọ́?

Akọ̀wé_Kúbwà:
Ó wà níbẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó. Èébú kan wà ní ìparí ẹ̀ tó dùn gan-an, n ó fún róbọ́ọ̀tì lò ní Orí Kẹtàlá.

Tíṣà_Físíìsì:
Ẹ ṣé é gan-an. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ n ó kà á fún wọn. Àmọ́ ẹ má bínú o, nǹkan kan ṣì wà. "Ẹ káàárọ̀". Ọjọ́ kan ní Máàsì fi bí ìṣẹ́jú 40 gùn ju tiwa lọ, wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 39 ni. Tí ilẹ̀ bá jọ mọ́ àwọn méjèèjì lónìí, lọ́la ti Máàsì á ti fi ogójì ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ọ̀tunla á tún sún sẹ́yìn sí i. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àárọ̀ ìyá ti di alẹ́ ọmọ. Ẹ sì kọ ọ́ pé oṣù méje ló ti wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n ó máa kí ara wọn? Ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn máa bi mí, mo mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé_Kúbwà:
Tíṣà, ẹ fẹ́ pa mí.

Alámì_Ohùn:
Ó lè ní "ẹ káàárọ̀", kí ìyá ní "káalẹ́".

ỌmọÀfọ̀njá:
Ìyá wo ló máa gbà bẹ́ẹ̀? Á ní ọmọ òun ti ya wèrè lókè ọ̀hún.

MàmáKàdúná:
Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ rédíò rí ni? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ò mọ ìgbà tí èèyàn máa gbọ́ òun. "Ẹ kú déédéé ìwòyí o."

Akọ̀wé_Kúbwà:
Ó ti wọlé. Màmá, ẹ fi nọ́ńbà ìwé ìfowópamọ́ yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ó yẹ kí n san nǹkan kan.

Tíṣà_Físíìsì:
Mo ti yí ìràwọ̀ mi padà sí mẹ́rin. Ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ mi títí ẹ ó fi lọ gbé ọmọ yẹn dìde ní ojú ìwé 118.